Ìgbálẹ̀ Inú Ewùrà

Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìkọ́kọrẹ́ la fẹ́ jẹ lálẹ́ yìí. Màmá rin ewùrà tán, ọwọ́ ń yún wọn dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ń fi epo pupa pa á. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n wá ohun tó ń yún yín rí." Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bó ìyókù ná.

Máíkírósíkóòpù tí mo yá níléèwé tí mo ti ń kọ́ni ti wà lórí tábìlì láti àná. Mo gé díẹ̀ lẹ́bàá èèpo, mo mú abẹ tuntun. Ó yẹ kó fẹ́lẹ́ débi tí ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ rẹ́ nípọn bíi dòdò. Ìkarùn-ún ló ṣeé wò.

Mo ti bó ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú kákúlétọ̀ méjì tó ti kú. Ọ̀kan wà lábẹ́ gíláàsì, ọ̀kan wà lókè. Tí wọ́n bá dábùú ara wọn, gbogbo rẹ̀ a ṣókùnkùn, kírísítálì (ohun tó dì bíi hóró ṣúgà) a sì máa tàn. Háà, ó tàn! Bí ìràwọ̀ ló rí. Inú mi dùn débi pé mo ṣe bí ẹni tí kò rí àgbélébùú dúdú, àmì sítáàṣì, tó wà láàárín ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo kán áyódíìnì sí i, gbogbo wọn di aró. Sítáàṣì lásán ni!

Mo rẹ́ òmíràn, mo rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì títí ó fi mọ́ gaara. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo fi omi ṣàn án kí fínígà tó kàn án, torí bílíìṣì àti ásíìdì kì í gbé inú àwo kan náà: èéfín kílóríìnì tó ń tibẹ̀ jáde burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ohun kan ṣì ń tàn nínú rẹ̀. Ká ní kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì ni, ìbá hó nínú fínígà náà. Kò hó, kò sì yọ́. Kálísíọ́ọ̀mù ọ́sáléètì nìyẹn, irú èyí tó wà nínú kókò náà: abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó dì pọ̀, tó mú lórí, tó mú nídìí.

Mo pe Màmá. Wọ́n dijú kan, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ìgbálẹ̀ mà nìyí. Ta ló dì í síbẹ̀?"

Mo ní, "Òun ló ń gún yín lọ́wọ́." Wọn ò dáhùn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òórùn ìkọ́kọrẹ́ tó ti ń jó nídìí ìkòkò ló gbé wọn dìde.