Ọjọ́ tí ìtẹ́lẹ̀ ò gbẹ

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹfà. Òjò.

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí láàárọ̀ yìí. Ó kán tó, tó, tó lórí táìsì, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo bá Dúrójayé, ológbò mi, lábẹ́ àga, ó ń lá ẹnu, orí rẹ̀ ń mì bó ṣe máa ń mì. Àgbọ̀n ló fi lu ilẹ̀. Nígbà tí mo la ẹnu rẹ̀, mo rí i pé eyín iwájú kan ti kán nísàlẹ̀. Mo ki òwú bọ inú omi iyọ̀, mo fi tẹ ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Kò ké. Ọ̀dọ̀ àwo oúnjẹ ló ń wò.

Ẹ̀bi mi ni. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n lánàá oòrùn yọ díẹ̀, mo bá kó gbogbo ìtẹ́lẹ̀ ilé pátá, mo fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. N kò tíì sá ìdajì wọn tí ojú ọ̀run tún ti ṣú. Ilẹ̀ mọ́ lónìí, gbogbo wọn ṣì ń kán omi lórí okùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, táìsì ilé wà ní ìhòòhò, ó ń yọ̀ bí ilá. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n fọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti mọ̀.

Ẹni tó ti ń ka àkọsílẹ̀ mi bọ̀ ti mọ Dúrójayé àti Pẹ̀lẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ológbò méjì ni wọ́n, inú oyún kan náà ni wọ́n ti wá, kò sì sí èyí tó lè rìn bí ológbò ṣe ń rìn nínú wọn. Dúrójayé jẹ́ akọ, ó pupa rúsúrúsú. Á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè bíi sọ́jà tó ń yan, á sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tí kò fọkàn sí, ìdí á yà sósì nígbà tí orí ń lọ sọ́tùn-ún, á ṣubú, á dìde, á tún máa yan lọ. Ti Pẹ̀lẹ́ fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dúdú ni, àfi funfun díẹ̀ láyà. Ó máa ń rìn bí ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ tó ń sáré lójú ọ̀nà oníhò.

Bí ìyá mi àgbà bá ń wúre fún wa láyé ìjọ́sí, ó máa ń ní, "Ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yìn yín ò ní balẹ̀." Àwa á ní àṣẹ. Ẹ̀yìn àwọn tèmi ń balẹ̀ bí ogún ìgbà lóòjọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, àdúrà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn, ó sì bà mí nínú jẹ́ gan-an, bí ẹni pé nǹkan kan ti bàjẹ́ tí kò yẹ kó lè bàjẹ́ láyé.

Ọyẹ́ ni ìyá wọn bá dé ẹ̀yìn ilé wa, pẹ̀lú oyún. Kò pẹ́ tó fi bí mẹ́rin sínú àpò àjákù aṣọ ní ìsọ̀ mi. Ọ̀kan kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, nígbà tó yẹ kí àwọn tó kù máa fẹsẹ̀ rìn, ọ̀kan dìde, ó rìn gbọnrangandan. Ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Bódìjà ló wá gbé e lọ lẹ́yìn náà, nítorí eku. Àwọn méjì wọ̀nyí dìde, wọ́n ṣubú. Wọ́n tún dìde, wọ́n tún ṣubú.

Àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní gìrì ni, ó gbé àgbo wá. Ẹlòmíràn ní wárápá ni. Nítorí àwọ̀ Pẹ̀lẹ́, àwọn kan mẹ́nu ba àwọn ìyá wa àgbà, ìyẹn àjẹ́, wọ́n sì dẹ́kun àtimáa gbé aṣọ wá fún mi rán. Mo gbé àwọn ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ní abẹ́rẹ́ tí wọn ò ní jí mọ́ ló máa dára jù. Mo gbé wọn padà sílé nínú apẹ̀rẹ̀, n kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni mo sọ akọ ní Dúrójayé. Ó lè dàbí orúkọ àbíkú. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ gan-an ni mo fi pè é.

Pẹ̀lẹ́ ní tirẹ̀, ara rẹ̀ ló yan orúkọ rẹ̀. Nílé Yorùbá, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ, pẹ̀lẹ́ la ó kí i. Bó ti ń ṣubú ni gbogbo wa ń kí i: èmi, Tóbi ọmọ mi, àwọn ọmọṣẹ́, oníbàárà tó wá wọn aṣọ. Kí a tó mọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní "pẹ̀lẹ́", á gbórí sókè, á máa bọ̀. Títí dòní, bí abẹ́rẹ́ bá gún ọmọṣẹ́ kan tí èkejì kí i, ológbò ni yóò kọ́kọ́ dáhùn.

Dókítà kejì jẹ́ ọmọbìnrin tó kéré sí mi. Kò gbé wọn sórí tábìlì. Ilẹ̀ ló gbé wọn sí, òun náà jókòó sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó wo ojú wọn bóyá ẹyinjú ń ta sọ́tùn-ún sósì, ó wo etí, ó fún ọmọńdinrín ẹsẹ̀ wọn bóyá wọ́n á fà á sẹ́yìn. Wọ́n fà á. Lẹ́yìn náà ló bi mí nípa ìyá wọn. Ó ní, "Mà, ẹ má pè é ní gìrì o. Ìpàkọ́ ni ọ̀rọ̀ wà." Ọpọlọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń wọn ìrìn: kí ẹsẹ̀ ga tó báyìí, kó lọ tó báyìí, kó dúró síbí. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, kíá ló yé mi. Kò sí ohun tó ṣe aṣọ, kò sí ohun tó ṣe àlùmọ́gàjí. Téèpù ni kò pé.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni cerebellar hypoplasia. Ohun tó sábà máa ń fà á ni kòkòrò àìfojúrí kan tó ń fa àrùn ológbò tí wọ́n ń pè ní panleukopenia. Bí ó bá ran ológbò tó lóyún, ó máa ń wá ibi tí ara ti ń dàgbà kíákíá lọ, ọpọlọ ìpàkọ́ yìí sì ń dàgbà ní òpin oyún títí di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ibi tó bá ti bá a ló ti máa dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí ọmọ inú kan náà fi yàtọ̀ síra, tí ọ̀kan á rìn, tí ọ̀kan á máa mì. Dókítà náà ní kì í dùn wọ́n. Ó ní kò ní le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní oògùn. Bí mo bá lè dá ààbò bò wọ́n lọ́wọ́ ìṣubú, tí n kò jẹ́ kí wọ́n jáde sí títì, wọ́n lè dàgbà bí ológbò yòókù ṣe ń dàgbà.

Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ti àwọn ọmọ mi wọ̀nyí dojú dé. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò, òkè ló ti wọ́.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni dókítà kejì gún èyí tó ń rìn dáadáa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló yẹ kí ọmọ ológbò ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ó tún kìlọ̀ pé kí a má fún ológbò olóyún ní irú àjẹsára tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, torí òun náà lè ṣe irú ọṣẹ́ yìí fún ọmọ inú. Kòkòrò àrùn ọ̀hún fúnra rẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Omi bílíìṣì ni mo fi fọ gbogbo ìsọ̀.

Láti ìgbà náà, ilé ni mò ń tún ṣe. Àjákù ańkárá àti léèsì tí mo ti ń dà nù tẹ́lẹ̀ ni mo fi ń rán ìtẹ́lẹ̀. Mo máa ń fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín rẹ̀ kí èékánná wọn lè rí nǹkan dì mú, n kì í sì í gé èékánná ọ̀hún kúrú. Ilé ìgbẹ́ wọn jẹ́ ike ìfọṣọ ńlá tí etí rẹ̀ ga. Mo fi ọ̀bẹ gbígbóná gé ẹnu ọ̀nà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo da iyanrìn sí i. Wọ́n á kọ́kọ́ fara ti ògiri ike, ara wọn á balẹ̀, kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Àwo amọ̀ tó wúwo ni wọ́n fi ń jẹun, mo gbé e lé orí pákó méjì.

Ẹ bá mi wo Dúrójayé nídìí àwo yẹn. Bó bá jìnnà sí i, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Bó bá ku bí ìka mẹ́ta kí imú rẹ̀ kan ṣáwá tí mo ti yọ eegun rẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ni gbígbọ̀n ń pọ̀ sí i, imú á kọjá lókè àwo, á padà, á tún kọjá. Ohun tó fẹ́ gan-an ló máa ń mú un gbọ̀n jù. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ọgbọ́n tó ń dá: á gbé àgbọ̀n lé etí àwo, á fi gbogbo ìwúwo orí tì í, nígbà náà ni ẹnu á tó bọ́ sínú ẹja. Ohun tó ṣe láàárọ̀ nìyẹn. Lórí ìtẹ́lẹ̀, pákó kì í sún. Lórí táìsì, ó sún, àwo bá a lọ, àgbọ̀n bá ilẹ̀.

Ọ̀sán ni oníbàárà kan dé, ó wá gba aṣọ ẹbí tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó rí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ mọ́ irun Dúrójayé. "Ìyá Tóbi, ẹ ò ṣe jẹ́ kí nǹkan wọ̀nyí lọ sinmi? Ìyà ń jẹ wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, pàápàá lónìí tí ọwọ́ mi ò mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ológbò tí ìyà ń jẹ rí. Kì í jẹun. Á wọ kọ̀rọ̀ lọ fara pamọ́, kì í lá ara rẹ̀ mọ́. Dúrójayé ń lá ara rẹ̀ tó fi ń ṣubú, á dùbúlẹ̀ sí ibi tó ṣubú sí, á máa lá a lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó." Mo yí kẹ̀kẹ́ òwú kan sílẹ̀. Dúrójayé rí i. Ó ba mọ́lẹ̀, ìdí ń jó, ó fò, ó kọjá rẹ̀, ó ṣubú. Ó padà, ó tún tàsé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣubú. Ní ìkarùn-ún, ó fi gbogbo ara dùbúlẹ̀ lé òwú lórí, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbá a mọ́ra.

"Ó mú un," obìnrin náà wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó ń sanwó ló ní ológbò ẹ̀gbọ́n òun náà ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ báyìí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bóyá irú èyí náà ni. Mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Àgbà ológbò tó ti ń rìn dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá ṣàdédé ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó lè jẹ́ etí. Ó lè jẹ́ májèlé. Mo bi í bóyá wọ́n fọ́n otapiapia sílé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí aáyán. Mo ní kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ yẹn kí wọ́n gbé ẹran náà lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ó pè é lójú mi. N kò tíì gbọ́ àbọ̀.

Àwọn ọmọṣẹ́ lọ sílé ní agogo mẹ́fà. Iná ò sí, òjò ò dá, ìtẹ́lẹ̀ ò gbẹ. Mo wá rántí áyọ́ọ̀nù eléèédú tí mo fi kọ́ṣẹ́. Mo da èédú sí i, mo fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ooru ń rú sókè lára wọn, ilé ń rùn bí aṣọ tútù. Ańkárá Iléyá ọdún kan rèé, léèsì ìgbéyàwó àbúrò mi rèé, yúnífọ́ọ̀mù Tóbi nígbà tó wà ní jẹ́léósinmi rèé. Mo tẹ́ àkọ́kọ́ sí ìdí àwo oúnjẹ. N kò tíì gbé èkejì kalẹ̀ tí Pẹ̀lẹ́ fi ti ìdí ẹ̀rọ dé, ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jábọ́ sórí ibi tó móoru. Dúrójayé yan tẹ̀ lé e, ó wó lé e lórí. Wọ́n jọ dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti sùn báyìí. Bí wọ́n bá sùn, gbígbọ̀n ọ̀hún kì í sí rárá. Mo gbé àtùpà sún mọ́ wọn kí n lè wo ojú eyín tó kán. Orí méjèèjì dúró jẹ́ẹ́, irun imú nìkan ló ń mì bí wọ́n ti ń mí.

Ìtẹ́lẹ̀ mẹ́rin ló kù lórí okùn. Èédú ṣì pọ́n, ẹ jẹ́ kí n lọ lọ̀ wọ́n.