Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ láàárín ìlù, ẹ̀gẹ́ àti ìṣirò

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwádìí, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé ẹ̀ka wo ló dáa kí èèyàn wọ̀. Ṣé sáyẹ́ǹsì ni àbí iṣẹ́ àgbẹ̀? Ṣé ìmọ̀ ẹ̀rọ orin tiẹ̀ lè bọ́ ọmọ èèyàn? Mo ti pẹ́ díẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Físíìsì ni mo kọ́kọ́ kà, ohùn ìlù ni mo fi ṣe ìwádìí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ ni mo sì ń bá ṣe pọ̀ jù báyìí. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé irinṣẹ́ ìwádìí kò ní ẹ̀ka kan tó ni ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí à ń wádìí ní àwọn tó ni ín. Ẹni tó bá mọ irinṣẹ́ kan dé gbòǹgbò, tó sì ní sùúrù láti jókòó ti àwọn tó ni ọ̀rọ̀, ẹ̀kakẹ́ka ló bá wọ̀, yóò rí iṣẹ́ gidi ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tí gbogbo yín ti mọ̀ ọ́n. Ó ṣòro kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò láti Ìbàdàn dé Èkó kí ẹ má gbọ́ orin tí wọ́n fi Auto-Tune tún ohùn akọrin rẹ̀ ṣe. Andy Hildebrand, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ìdí iṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì ló sì ti ń bọ̀. Ó bá Exxon, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì, ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń wá epo lábẹ́ ilẹ̀ ni pé wọ́n á mú kí ilẹ̀ mì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ohun abúgbàmù, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gbọ́ ìró tó ń ta padà láti ara àpáta ìsàlẹ̀. Ìró wọ̀nyí á ti lọ́ mọ́ra wọn, ìṣirò ni wọ́n fi ń tú u. Ọ̀kan lára ìṣirò náà ni pé kí a mú ìró kan, kí a máa sún un díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa fi wé ara rẹ̀ títí a ó fi dé ibi tó ti bá ara rẹ̀ mu. Tó bá jẹ́ ìró inú ilẹ̀ ni, ibẹ̀ ni a ti máa mọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó ta padà. Tó bá jẹ́ ohùn akọrin ni, ibẹ̀ ni a ti máa mọ bí ohùn náà ṣe ròkè tó. Hildebrand máa ń fọn fèrè. Ó padà sí yunifásítì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá orin, nígbà tó sì di 1997, Auto-Tune jáde. Nínú epo rọ̀bì ni wọ́n ti mú un wá o!

Irú rẹ̀ pọ̀. Joseph Fourier, ará Faransé, bí ìgbóná ṣe ń rìn nínú nǹkan líle ló ń wádìí nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1822. Ohun tí a rí mú níbẹ̀ ni pé ìgbì yòówù, bó ti wù kó rí wúruwùru tó, a lè tú u palẹ̀ sí àwọn ìgbì tó mọ́ geere, kí a sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ìdílé ìṣirò yẹn ni fóònù yín ń lò láti fún orin pọ̀ kó má bàa gba àyè jù. Ní 1965, James Cooley àti John Tukey gbé ọ̀nà tó yá jáde láti ṣe ìṣirò náà lórí kọ̀ǹpútà, lára ohun tó sì mú kí wọ́n wá a ni pé Amẹ́ríkà fẹ́ mọ̀ tí Soviet bá dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sá fún ìṣirò torí pé orin lẹ fẹ́, tàbí torí pé oko lẹ fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá. Ẹ kọ́ Fourier dé ibi tí ẹ ti lè fi bírò ṣe é lórí ìwé fún ìgbì kékeré kan, láìṣí kọ̀ǹpútà. Ó máa ń gba àkókò, ó sì lè su èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí mo kọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn fún mi tó o.

Ìlù dùndún ló wá fi ibi tí irinṣẹ́ mọ hàn mí. Ẹ wo ìyáàlù dáadáa: awọ ewúrẹ́ ní ojú méjèèjì, ọṣán tó so ojú méjèèjì pọ̀, kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún onílù, ọwọ́ òsì rẹ̀ lára ọṣán. Bó bá fún ọṣán, awọ á le, ohùn á ròkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Kí onílù fi í sọ pé "ẹ káàbọ̀", kí ẹ wá gbé ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà, á di ìlà lójú yín. "Ẹ" á dúró sí àárín. Ní "káà", ìlà náà á fò sókè, á sì yọ̀ wálẹ̀ láìjá, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kọ̀ǹgọ́ ba awọ. Ọwọ́ òsì ló ń dẹ ọṣán bí ohùn náà ṣe ń dún lọ. Lẹ́yìn náà, "bọ̀" á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo irú ìlà yìí, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu bí ọwọ́ ṣe lè mọ ohùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlà yẹn kò sọ fún wa pé "ẹ káàbọ̀" ni wọ́n sọ. Gbólóhùn mìíràn tí ohùn rẹ̀ bá lọ bákan náà, ìlà kan náà ni yóò fà. Ta ló wá mọ èyí tó jẹ́? Ọmọ Àyàn tó ń lù ú ni, àti ẹni tó gbọ́ ìlù tó wà lágbo. Wọ́n mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n mọ oríkì ilé rẹ̀, wọ́n mọ̀ bóyá òkú ni wọ́n ń sin ni àbí ìyàwó ni wọ́n ń gbé. Àgbà onílù kan ló là á yé mi pé òun kì í to ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Odindi oríkì lòun ń sọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni olóye fi ń dá a mọ̀. Cecilia Durojaye, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ orin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Max Planck ní Frankfurt, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2021 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú kí àwọn èèyàn gbọ́ dùndún níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ àti níbi tó ti ń kọrin lásán, kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́. Àwọn tí etí wọn ti mọ dùndún ló dá a mọ̀ jù. Orin wà nínú ìwádìí yẹn, ìmọ̀ èdè wà níbẹ̀, ìṣirò ohùn wà níbẹ̀, ìmọ̀ bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń gbọ́ nǹkan náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ka wo lẹ fẹ́ gbé e sí?

Bí mo ṣe dé ìdí ẹ̀gẹ́ kò le láti ṣàlàyé. Bí a bá tú ohùn palẹ̀ bí Fourier ṣe wí, a lè yà á ní àwòrán, kí a sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa dá àwòrán náà mọ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn kò bìkítà bóyá ohùn ni àbí ewé. Ní 2017, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà àti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yà lóko ní Tanzania. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti òfo: kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi àwòrán ajá, ọkọ̀ àti oríṣiríṣi nǹkan kọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n wá fi ewé tí àrùn mosaic tàbí àrùn brown streak ń bá jà àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kún un. Irú iṣẹ́ yẹn ló bí áàpù Nuru, tí àgbẹ̀ lè lò lórí fóònù nínú oko tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Níbi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ nìyí. Ewé tí mosaic mú máa ń ká kò, á rí ṣóńṣó, á ní àbààwọ́n àwọ̀ ìyeyè lára. Ewé tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá náà lè pọ́n. Nínú àwòrán tí wọ́n yà lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń kọ mànà lórí ewé, méjèèjì lè jọra lójú kọ̀ǹpútà. Àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ á fọwọ́ kan ewé náà, á wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á rántí ibi tó ti ra igi ẹ̀gẹ́ tó gbìn. Nítorí náà, iṣẹ́ kíkó dátà tí ẹ máa ń gbé fún ẹni tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ yín, òun gan-an ni ìwádìí. Ẹni tó yàwòrán tí kò kọ ọjọ́, agogo, irú ẹ̀gẹ́ àti ohun tí àgbẹ̀ sọ sílẹ̀, àwòrán lásán ló kó wálé.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kì í sì í ṣe gbogbo ìwádìí ló ń fẹ́ kọ̀ǹpútà. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní konzo, tó máa ń rọ èèyàn lẹ́sẹ̀ lójijì, àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá ló sì ń mú jù, ní Congo, Mozambique àti Tanzania. Ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn ò ṣe dáadáa ló ń fà á, pàápàá lásìkò ọ̀dá tàbí ogun, tí ebi ò jẹ́ kí èèyàn lè dúró. Linamarin, ohun kan tí májèlé sáyánáìdì ti ń jáde, wà nínú ẹ̀gẹ́. Tí a bá rin ín, á pàdé ẹ́ńsáìmù tó ń tú u palẹ̀, sáyánáìdì á sì máa fẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí gààrí àwọn ìyá wa kì í fi í ṣeni léṣe: wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi òkúta tàbí jáàkì fún un, wọ́n á tún yan án. Howard Bradbury, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Canberra ní Australia, wá ọ̀nà sí ti ìyẹ̀fun. Kí a po ó mọ́ omi, kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ẹní, kí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí 2 nínú oòrùn tàbí wákàtí 5 níbòòji, kí a tó rò ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú sáyánáìdì náà á ti lọ. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá ní àwọn abúlé kan ní Congo, kò sì sí ẹni tuntun tí konzo mú níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ṣọ́ wọn. Omi àti ẹní! Mo ti rí ọ̀dọ́ olùwádìí tó ń fojú di irú iṣẹ́ yìí torí pé kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá nínú. Inú mi ò dùn sí i rárá.

Ẹ máa lọ sí sẹ́mínà àwọn ẹ̀ka mìíràn, kódà tí ẹ ò bá gbọ́ ju ìdajì lọ. Ẹ bi wọ́n pé irinṣẹ́ wo ni wọ́n ń lò. Ìyẹn nìkan tó.

Ẹ sì sanwó fún onílù. Ẹ sanwó fún àgbẹ̀ tó fi odindi àárọ̀ mú yín káàkiri oko. Tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn sínú iṣẹ́ yín, ẹ má kàn kọ ọ́ pé "olùfèsì". Ẹ padà lọ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn ní Yorùbá. Lọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ tí kò bá padà síbi tó ti wá kò tíì parí.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ fún yín. Bàtá kò ní ọṣán tí onílù ń fún bó ṣe ń lù ú, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀, àwọn onílù rẹ̀ sì ní ẹnà tiwọn. Bàtá yìí kan náà ló bá àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Cuba, wọ́n sì ń lù ú fún òrìṣà níbẹ̀ títí dòní. Ó wù mí kí ọ̀kan nínú yín gbé ohùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó wo ohun tó kù àti ohun tó yí padà. Kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà onílù nílé, kó sì gbé máíkì méjì dání, ọ̀kan fún ojú ńlá, ọ̀kan fún ojú kékeré tí wọ́n ń fi bílálà lù, torí pé àárín ojú méjèèjì ni ọ̀rọ̀ bàtá wà.