Fífi ìlẹ̀kẹ̀ alginate pa èròjà inú ìsápá mọ́

Anthocyanin ni orúkọ èròjà tó ń mú kí ìsápá tí a fi ń ṣe sóbò pọ́n, ó sì wà lára àwọn èròjà ewéko tí wọ́n ń pè ní antioxidant. Kì í tọ́jọ́ rárá. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí sóbò tó bá pẹ́ nínú ìgò fi máa ń ṣá.

Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń gbà dáàbò bò ó ni kí wọ́n dì í sínú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ṣeé jẹ. Alginate, ohun tí wọ́n ń yọ lára koríko òkun aláwọ̀ búráùn, ni wọ́n sábà máa ń lò. Bí a bá po gíráàmù 2 rẹ̀ mọ́ nǹkan bí gíráàmù 100 omi, yóò ki. Bí a bá wá ń kán an sínú omi tí kálísíọ́mù ti yòrò sí, kálísíọ́mù yóò so àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan yóò sì dì bí ẹ̀kọ tútù, ṣùgbọ́n omi gbígbóná kò ní yọ́ ọ.

Kíkan ìsápá ni ìṣòro tó le jù níbí. Bí pH omi kan, ìyẹn òǹkà tí a fi ń wọn kíkan (bó bá ṣe kéré tó ni omi náà ṣe kan tó), bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 3.5 lọ, alginate tí a pò mọ́ ọn yóò ṣù jọ kó tó fojú kan kálísíọ́mù, omi ìsápá sì kan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kí òun pa kíkan náà yóò rí i pé àwọ̀ pupa ń di àwọ̀ àlùkò, anthocyanin náà á sì tètè bàjẹ́. Nítorí náà, ọ̀nà àyípo ni mo fara mọ́: kí a po calcium lactate, irú iyọ̀ kálísíọ́mù kan, mọ́ omi ìsápá fúnra rẹ̀, kí a mú un ki díẹ̀, kí a sì máa kán an sínú omi alginate, kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lè yí i ká. Calcium chloride náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó korò lẹ́nu. Ẹ má sì fi omi kànga po alginate, torí kálísíọ́mù tó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè mú kó ṣù.

Ẹ wo omi tí a fi ṣan ìlẹ̀kẹ̀ náà dáadáa. Bó bá ti ń pọ́n, ohun tí a fẹ́ pa mọ́ ló ń jò lọ, nítorí pé anthocyanin máa ń yòrò nínú omi, ihò ara alginate kò sì kéré jù fún un láti kọjá. Àwọn kan máa ń fi chitosan, tí wọ́n ń rí lára èèpo edé àti akàn, bo ìlẹ̀kẹ̀ náà kí jíjò lè dínkù. Ẹni tí edé kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún irú èyí. Ní tèmi, kí a ṣàn án kíákíá, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sínú omi ìsápá kan náà nínú fíríìjì.