Ohun tí ìgò kìn-ín-ní kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ òkun, iṣẹ́ yìí kò dùn-ún wò o. Ọkọ̀ á dúró, wọn á fi wáyà sọ irin tó gbé ìgò mẹ́rìnlélógún kalẹ̀ sínú òkun, á lọ tó nǹkan bíi mítà 500. Bí wọ́n bá ń fà á bọ̀, ìgò kọ̀ọ̀kan á bu omi níbi tí a bá ní kó ti bù ú, á sì panu dé. A ó gba omi, ọkọ̀ á ṣí. Wákàtí díẹ̀ sí i, ohun kan náà ni. Èébì kì í sì í dá a dúró.

Etíkun Kalifóníà ni mo ti kọ́ ọ. Láti 1949 ni iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CalCOFI ti ń lọ níbẹ̀. Ẹja sàdíìnì ló fà á: ẹja tí àwọn alágolo fi ń jẹun dédé wọ́n, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá àpajù ni àbí òkun ló yí padà. Títí dòní, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń padà sójú ibi kan náà.

Omi tí a ó fi wọn ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi, la máa ń kọ́kọ́ gbà, torí afẹ́fẹ́ òde tètè ń bà á jẹ́. Ẹ ó ti rọ́bà tí omi ń gbà jáde lára ìgò dé ìsàlẹ̀ ṣágo kékeré, ẹ ó jẹ́ kí omi kún títí yóò fi ṣàn dànù, ẹ ó fi oògùn méjì sí i, ẹ ó dé e, ẹ ó mì í. Kíá ni yóò dọ́tí bí omi tí a fi ṣan ìkòkò àmàlà. Tí ọ́síjìn bá kéré, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá.

Láago mẹ́ta òru ọjọ́ kan, mo gba omi ìgò kìn-ín-ní, èyí tó jìn jù. Mo rí afẹ́fẹ́ kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà tó há sábẹ́ ọmọrí. Omi ṣì wà nínú ìgò. Ìṣẹ́jú kan ni ǹ bá fi gba òmíràn. Oorun ń kùn mí, mo bá dákẹ́. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ọ́síjìn ibẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní omi òkè ni, kì bá hàn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́síjìn kò ti tó nǹkan, àlejò kékeré yẹn gba gbogbo ilé.

Obìnrin àgbà tó ń darí wa lóru kò pariwo. Ó ní kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Wọn ò pa nọ́ńbà náà rẹ́, wọn ò sì tún un ṣe kó lè jọ ti tẹ́lẹ̀. Àmì ni wọ́n fi sí i pé kò ṣeé gbára lé. Ojú tì mí ju kí wọ́n nà mí lọ.

Nígbà tí omi gbígbóná bo etíkun yẹn láàárín 2014 sí 2016, àwọn ọjọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan ṣì bu omi, tó kọ ọ́ bó ṣe rí, ni wọ́n fi mọ bó ṣe gbóná tó.

Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í ṣe báírò. Báírò kì í kọ dáadáa lórí ìwé tí omi bá ti kàn. Okùn ni mo fi so tèmi mọ́rùn láti òru ọjọ́ náà.