Iléèwé àwọn Sístà tó di yunifásítì

Lẹ́yìn Mísà àárọ̀ yìí n'Ìkòròdú, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró nídìí ìyá alákàrà. Ó ní, "Àǹtí, yunifásítì kan wà ní Baltimore, l'Amẹ́ríkà, iléèwé àwọn ọmọbìnrin ló jẹ́ tẹ́lẹ̀." Notre Dame of Maryland ló ń sọ. Àwọn Sístà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1873. Ní 1895 ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn obìnrin àkọ́kọ́ gba dìgírì ní 1899, kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin Kátólíìkì kankan ò tíì ṣe irú ẹ̀ rí lọ́hùn-ún. Ọdún 2011 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ yunifásítì. (Sùúrù wọn pọ̀ o!)

Mo ní, "Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ lọ ni?"

"Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ bá mi san owó JAMB ná."

Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.