Ta Ló Rán Mi Sínú Òjò?

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹsàn-án, 2024

Bàtà tí mo fi sáré lánàá ò tíì gbẹ. Mo ti ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, síbẹ̀ tí mo bá fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi ṣì ń sun jáde. Èmi gan-an, ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn láàárọ̀ yìí.

Great North Run, eré ìje kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo lọ sá. Newcastle la ti bẹ̀rẹ̀, South Shields létí òkun la parí sí, máìlì 13 ó lé díẹ̀. Láti 1981 ni wọ́n ti ń sá a. Ipò kìíní kọ́ ni púpọ̀ nínú wa ń wá níbẹ̀ o. Abel Kipchumba, ará Kenya, ti parí tiẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, kí ara tèmi tó gbóná rárá. Owó ìrànlọ́wọ́ là ń wá. Sickle Cell Society, àjọ tó ń ran àwọn tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS lọ́wọ́, ni mo sá a fún, nítorí àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ SS. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà ilé wa máa ń pe àìsàn náà. Mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn rí. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ ń gbọ́.

Òjò ti ń rọ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Mo wọ ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, mo lu ihò mẹ́ta sí i, ọ̀kan fún orí, méjì fún apá. Àìmọye èèyàn ló wọ irú rẹ̀. A tò síbẹ̀ bí ìdọ̀tí tó ń dúró de ọkọ̀ akólẹ̀. Nígbà tá a wọ abẹ́ afárá kan kó tó di pé a dé orí odò Tyne, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Oggy! Oggy! Oggy!" Nínú òtútù yẹn, ògì gbígbóná àti àkàrà nìkan ló wá sí mi lọ́kàn.

Títí dé máìlì kẹjọ, ó dáa. Lẹ́yìn ìyẹn la wọ John Reid Road, ọ̀nà gbọọrọ tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ tí kò fẹ́ tán. Atẹ́gùn ń gbá òjò sí mi lójú, ìbọ̀sẹ̀ mi ń dún fọ̀ṣọ̀fọ̀ṣọ̀. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ àtijọ́ ti sọ sí mi lọ́kàn.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún 9, àbúrò mi yìí jẹ́ 5. Màmá wa lọ sọ́jà Bódìjà. Òjò dé, mo sì fà á lọ́wọ́ jáde, a lọ dúró sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, níbi tí omi ti ń já bọ́ látorí páànù. Wọn ò jẹ́ kó ṣeré nínú òjò rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ohùn rẹ̀ fi há. Ilẹ̀ ṣú tán ni eegun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Òtútù a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, hóró ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹ́ SS, tó rí bíi dòjé, a sì há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá. Mi ò mọ ìyẹn nígbà náà. Igbe rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù. Màmá wa ò nà mí. Wọ́n kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n ní, "Ta ló rán ẹ sínú òjò?" Wọn ò tún béèrè mọ́ láyé.

Lójú ọ̀nà eré náà, ọmọdébìnrin kan dúró sábẹ́ agbòjò níwájú ilé wọn, ó gbé abọ́ ọsàn gígé dání. Omi òjò ti kún abọ́ náà, ọsàn ń léfòó. Mo mú ẹ̀là kan. Ó ní mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Irọ́ ni, ó ku máìlì 3. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 41 ni mo fi sá a. Owó tó wọlé jẹ́ páùn 912, ìjọba á sì fi pẹ́ńsì 25 kún páùn kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó ń san owó orí níbí bá dá. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá gbowó oṣù, mo ṣì ń retí yín.) Màmá wa fi ₦10,000 ránṣẹ́, kò tó páùn 5. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Wọ́n ní ṣé àwọn bi mí ni?

Àbúrò mi ti di ìyá ọmọ méjì, Ìbàdàn ló ń gbé. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lálẹ́ àná: mẹ́dà lọ́rùn, omi ń kán ní irùngbọ̀n, ètè mi funfun bí eérú. Ó fi ohùn dá mi lóhùn lórí WhatsApp. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá sín ohùn Màmá wa jẹ, "Ta ló rán ẹ sínú òjò?"

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọdún yẹn wá, mo rò pé ó ń sùn nígbà tí Màmá wa sọ ọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ló padà sí ohùn ara rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ lọ fi omi gbígbóná wẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o."