Kókó sísá: iṣẹ́ kan tí tíṣà mẹ́fà lè jọ fún ọmọ SS2

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ń pè ní iṣẹ́ àjọṣe láàárín àwọn ẹ̀kọ́ ni kò yẹ ní orúkọ náà. Tíṣà Físíìsì á ní kí wọ́n ya àwòrán oòrùn, ti Gẹ̀ẹ́sì á ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa oòrùn, ti iṣẹ́ káfíńtà á ní kí wọ́n kan àpótí, a ó wá kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kan lọ́jọ́ tí àwọn òbí ń bọ̀. Ìbéèrè kan ni mo fi ń dán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò: bí a bá yọ Ìṣirò kúrò nínú rẹ̀, kí ni yóò bàjẹ́? Bí kò bá sí, ọ̀ṣọ́ lásán ni Ìṣirò wá ṣe níbẹ̀.

Ní Àkúrẹ́ níbí, kókó ni mo máa ń dá lábàá. Ìdànrè kò jìnnà, Ilé-Olújì náà kò jìnnà, àgbà tó mọ kókó wò kò sì wọ́n wa. Iṣẹ́ náà nìyí: kí ọmọ mẹ́fà kan àpótí kan, kí wọ́n fi oòrùn sá kókó tútù kílò 10 nínú rẹ̀ títí ẹni tó ń ra kókó yóò fi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ìṣirò ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó mú òòlù. Ká ní omi jẹ́ 55 nínú 100 ìwọ̀n kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ewé, níbi tí a ti bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó sá a. Kílò 10 á ní kílò 4.5 ohun gbígbẹ nínú. Omi tó yẹ kó ṣẹ́kù nígbà tí a bá fẹ́ tà á jẹ́ nǹkan bíi 7.5 nínú 100, nítorí náà ẹ fi 0.925 pín 4.5: kílò 4.86. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n gbọ́dọ̀ dúró. Tó bá wálẹ̀ ju 4.79 lọ, omi rẹ̀ kò pé 6 mọ́, èèpo á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ẹ má kàn gba 55 yẹn lẹ́nu mi o. Kí kíláàsì Kẹ́místrì mú gíráàmù 50 nínú kókó yín, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n gbẹ ẹ nínú ófúnù títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n bá mú wá ni Ìṣirò yóò lò. Bí Kẹ́místrì kò bá ṣe tirẹ̀, Ìṣirò kò ní lè ṣe nǹkan kan.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ jù ni bíbo kókó mọ́ ewé. Àwọn ọmọ á kó èso mẹ́wàá wá, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó sínú apẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó ti bu. Kókó tó kéré kì í gbóná. Òkìtì ńlá lóko máa ń tó nǹkan bí 45 sí 50 lórí ìwọ̀n Celsius, ooru yẹn àti ásíìdì tó ń jáde níbẹ̀ ló ń pa ọmọ inú kókó, ikú ọmọ yẹn ló sì ń jẹ́ kí kókó dáa lẹ́nu. Ọ̀nà àbáyọ kò le: ẹ da kókó ilé-ìwé sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bẹ olóko kó bò ó sáàárín òkìtì tirẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bó bá ń yí tirẹ̀ padà, ó ń yí tiyín náà. Ibẹ̀ ni kíláàsì Yorùbá ti wọlé: àwọn ọmọ ni yóò bá bàbá olóko sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á sì fi kọ ìwé ìlànà ojú kan tí bàbá náà lè kà.

Àpótí náà, iṣẹ́ tíṣà káfíńtà àti ti Físíìsì: mítà 1.2 sí 0.6, kí ẹ̀yìn ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, kí iwájú ga ní 25, náílọ̀n funfun lókè, páànù dúdú nísàlẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wáyà láàárín. Bí ẹ bá gbàgbé ihò afẹ́fẹ́, omi á máa kán láti ara náílọ̀n padà sórí kókó. Ẹ dá ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 nísàlẹ̀ iwájú, kí ẹ dá irú rẹ̀ sókè ẹ̀yìn. Kí ọ̀dà dúdú ti gbẹ tán pátápátá, kí òórùn rẹ̀ sì ti lọ kí kókó tó wọlé, torí kókó máa ń fa òórùn mọ́ra bí bọ́tà. Èéfín náà kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn.

Bí ooru inú àpótí bá ti ń kọjá 60, ẹ ṣí i. Kókó tó bá yára gbẹ jù máa ń kan lẹ́nu, torí ásíìdì kò ráyè jáde. Kẹ́místrì lè wọn ìyẹn: gíráàmù 10 tí a lọ̀, mílílítà 90 omi gbígbóná, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wọn pH rẹ̀, ìyẹn bó ṣe kan tó. Ẹ má gbára lé àwọ̀ tó ń yí padà nínú titration (kíkán ohun tó ń pa ásíìdì sínú omi náà díẹ̀díẹ̀), omi kókó dúdú jù fún un.

Oòrùn kò mọ agogo ilé-ìwé. Taámù kìíní ni kí ẹ fi ṣe é, kí kókó wọ àpótí nínú oṣù Kọkànlá nígbà tí òjò ti ń dín, kí ẹ sì kó o sínú àpótí ní ọjọ́ Ajé. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò rò ó ní Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ìdánwò ìkẹyìn, ẹ la kókó 300 sí méjì gbọọrọ, kí ẹ ka àwọn tó bu. Nínú kókó onípò kìíní, àwọn tó bu kò gbọ́dọ̀ ju 3 nínú 100 lọ, ìyẹn ẹyọ 9. Bí ẹ bá lè rí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ kókó wò, ẹ pè é kó wá là á níwájú wọn. Ọmọ púpọ̀ kò mọ̀ pé ènìyàn ń fi iṣẹ́ yẹn jẹun.

Àwọn tó ń kọ́ ìwé-owó á kọ́ ohun tó máa ń pa olówò kékeré: kílò 10 di 4.86, nítorí náà iye tí a ó ta kílò gbígbẹ kan gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì owó tútù lọ kí owó kókó nìkan tó padà, ká má tíì sọ pákó àti ìṣó.

Ní ti máàkì, ẹ má fún ẹgbẹ́ náà ní máàkì kan ṣoṣo, torí ọmọ kan ni yóò ṣiṣẹ́, márùn-ún á jókòó. Kí olúkúlùkù ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà kan jáde níbẹ̀, kí ẹ bi í: kí ló dé tí ìwọ̀n òwúrọ̀ ọjọ́ Rú fi ju ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ? Ẹni tó wà níbẹ̀ yóò sọ fún yín pé wọ́n kò bò ó dáadáa, ìrì wọ inú rẹ̀ lóru.